Opó, àpatì, àbí ìyá? Lórí orúkọ àwọn obìnrin Vrindavan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Mo rí àbá yín pé ká máa pe àwọn ìyá arúgbó tó wà ní Vrindavan, nílẹ̀ Íńdíà, ní "opó àpatì". Mo mọ ohun tẹ́ ẹ rí. Púpọ̀ nínú wọn wá láti West Bengal: ọkọ kú, ọmọ tàbí ará ilé ọkọ ò rójú ìyá mọ́, wọ́n mú un wọ rélùwéè dé ìlú Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Àmọ́ àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn wá, torí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ alẹ́ kọrin fún Krishna létí odò Yamuna. Ta ló wá pa ìyẹn tì?

"Ìyá aláṣọ funfun" ńkọ́? Lóòótọ́, sárì funfun ni ti opó. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ ní Mushin, Sẹ̀lẹ́ ni wọ́n máa rò. Ẹ sọ ọ́ ní Ifọ́n, Ọbàtálá ni. Funfun tiwa ń buyì kúnni. Tiwọn ń wí pé ẹwà ti tán lára obìnrin. Ẹ rántí ariwo tó sọ ní 2013, nígbà tí àwọn opó yìí da àtíkè aláwọ̀ lu ara wọn lọ́dún Holi, ọdún àwọ̀ àwọn Híńdù.

"Opó" gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Opó tiwa lópin. Obìnrin á ṣe é, ọjọ́ á pé, á bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Láyé àtijọ́, àbúrò ọkọ lè ṣú u. Láàárín àwọn Híńdù ìran gíga ní Bengal, títí dọjọ́ ikú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti gbà kí opó tún lọ́kọ láti 1856. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ "wọ́n jẹ́ opó", ká má kọ "wọ́n ń ṣe opó".

Mi ò fara mọ́ "ilé alágbe" rárá fún ibi tí wọ́n ti ń kọrin gba oúnjẹ. Wọ́n á tò jókòó sílẹ̀, ọ̀dà ẹfun láti iwájú orí dé imú, awo idẹ kéékèèké tí wọ́n ń gbá pọ̀ sórin lọ́wọ́, wọ́n á kọrin fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó gba ìrẹsì díẹ̀ àti rúpì tí ò tó nǹkan. Iṣẹ́ nìyẹn, owó rẹ̀ ló kéré. "Ilé orin Krishna" tó mi.

"Ìgbàlà" fún moksha, ìyẹn bíbọ́ lọ́wọ́ àtúnwáyé, náà ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì jù. Àwa ń sọ ọmọ ní Yétúndé, inú wa ń dùn. Àwọn gbà pé ẹni tó bá kú sí Vrindavan tàbí Kashi, ìlú mímọ́ wọn mìíràn, ò ní padà wáyé mọ́. Mo dábàá "àìtúnwáyé".

Ní ti orúkọ, "mai" ni wọ́n ń pè wọ́n nígboro ibẹ̀, ìyá nìyẹn. "Àwọn ìyá Vrindavan", ká fi "opó" ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku "raand", èébú Híńdì tó pa opó àti aṣẹ́wó pọ̀ sẹ́nu kan. "Dálémọṣú" ló sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ọkọ dálémọṣú lè wà láyé. Ta ló ní òmíràn?