Sítóòfù olójú kan, kò sí bẹ́lẹ́ńdà, kò sí orógùn: báwo ni mo ṣe máa sebẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Leeds
Ẹ kú ilé o. Yàrá kan ni mo ń gbé nílé akẹ́kọ̀ọ́ ní Leeds. Sítóòfù pẹlẹbẹ olójú kan, màíkírówéèfù àti kẹ́tùlù, ó tán. Màmá mi di ìkòkò alumíníọ̀mù fún mi láti Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e ka sítóòfù yìí, á dún píì-píì, á sì kú. Bí èéfín bá yọ pẹ́nrẹ́n, agogo iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo ilé á tú síta. Àmàlà ń wù mí jẹ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìkòkò rẹ ò bàjẹ́, sítóòfù náà ò bàjẹ́. Irú sítóòfù yẹn kì í gbóná fúnra rẹ̀, ìdí ìkòkò ló ń mú gbóná, ìkòkò tí òòfà bá lè lẹ̀ mọ́ nìkan ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Mú òòfà kékeré ara fíríìjì dání lọ sọ́jà, fi kan ìdí ìkòkò tí o bá fẹ́ rà. Bó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́, sanwó. Kí ìdí rẹ̀ nípọn o, ọbẹ̀ kì í tètè jóná níbẹ̀, kì í sì í tètè tutù.

Ní ti ata, ra tòmátì alágolo gígé tí wọn ò fi ewé olóòórùn kankan sí. La tàtàṣé sí méjì, fi inú rẹ̀ rín lórí irin tí a fi ń rín ilá, títí yóò fi ku awọ nìkan lọ́wọ́ rẹ. Rín àlùbọ́sà náà. Ata rodo, ọ̀bẹ ni kí o fi gé e wẹ́wẹ́. Sè wọ́n láìsí epo títí omi á fi gbẹ, kó o tó wá da epo sí i lórí iná kékeré. Èéfín ò ní yọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Dublin
Màíkírówéèfù ni mo fi ń ro àmàlà. Ife ẹlùbọ́ kan, omi tútù ife kan àbọ̀, nínú abọ́ jíjìn. Pò ó kí kókó tú tán. Gbé e sínú màíkírówéèfù fún ìṣẹ́jú méjì, yọ ọ́, fi ṣíbí onígi rò ó dáadáa. Dá a padà fún ìṣẹ́jú méjì sí i. Bó bá le, ta omi kẹ́tùlù sí i, dé e, ìṣẹ́jú kan péré, kí o tún un rò. Fi aṣọ di abọ́ náà mú, ó ń gbóná burúkú.

Bàbá Ṣadé
Èmi ò gba ti àmàlà inú ẹ̀rọ yẹn, ó máa ń le létí. Kẹ́tùlù tó fún ẹ̀bà.

Ọmọ Ìbàdàn ní Dublin
Ẹ ta omi sí i létí kí ẹ tó dé e, bàbá. Á rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Leeds
Ẹ ṣé gan-an ni o. Màmá, ewédú ńkọ́? Mi ò ní ìjábẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Èyí tí wọ́n ti gé, tó dì bíi yìnyín, wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Sebẹ̀ ata tán ná, gbé e sọ̀, kí o wá se ewédú lórí ojú kan yẹn pẹ̀lú omi díẹ̀ àti irú. Irin tí wọ́n fi ń po ẹyin ni kí o fi já a. Má dé e o, kó lè fà.