Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Common Entrance àbí C.A?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi wà ní praimárì 6 n'Íbàdàn níbí, C.A ẹ̀ (máàkì tí tíṣà ń fún un lórí iṣẹ́ kíláàsì) kì í wá sílẹ̀, 36, 37 nínú 40 ni, ìṣirò tó bá ṣe nílé á ṣàlàyé ẹ̀ fún àbúrò ẹ̀ títí ìyẹn náà á fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní ìdánwò báyìí, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á kọ ìdáhùn, á pa á rẹ́, á tún un kọ, títí bébà á fi lu. Bàbá ẹ̀ ní dandan ni kó ṣe Common Entrance, ìdánwò àṣewọlé ti NECO, kó lè lọ Federal, iléèwé girama ìjọba àpapọ̀. Kí ló dé tí wọn ò kúkú máa fi C.A mú ọmọ? Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é àbí kí n mú un lọ JSS ìjọba? Ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má fipá mú un o. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ti so praimárì pọ̀ mọ́ JSS, ọdún mẹ́sàn-án. Torí Federal ni NECO ṣe ń ṣe Common Entrance, ọmọ tí ò ṣe é ṣì máa ríléèwé lọ.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Màmá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, iṣẹ́ mi ni. Ọwọ́ tíṣà ni C.A wà. Mo mọ iléèwé àdáni tí wọ́n ti ní ọmọ kankan ò gbọdọ̀ gba ohun tó kéré sí 30, kí òbí má bàa kó ọmọ ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ C.A nìkan ni wọ́n fi ń mú ọmọ wọ Federal, ọmọ tálákà tó wà láàárín ọmọ 70 nínú kíláàsì kan, tí tíṣà ẹ̀ fún ní 22 tó tọ́ sí i, òun ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Ìdánwò ò mojú ẹnì kankan ní tiẹ̀.

Bàbá Kẹ́mi: Kenya pa méjèèjì pọ̀ ni. Wọ́n ṣe KCPE, ìdánwò àṣejáde praimárì wọn àtijọ́, kẹ́yìn ní 2023, látọdún 1985 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ṣètò pé kí C.A Grade 4, 5 àti 6 kó 60 nínú 100, kí KPSEA, ìdánwò ìparí Grade 6, kó 40. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ nílẹ̀ wa, kí ẹlòmíì láti ìta sì máa wá yẹ ìwé àwọn ọmọ wò.

Mọ́mì Federal: Tèmi náà máa ń gbọ̀n. Ẹ ra past question, ẹ gbé aago sórí tábìlì, ìbéèrè mẹ́wàá lálaalẹ́. Objective ni, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa fo èyí tó bá le kó tó padà sí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Tíṣà, màá lọ wo ìwé ẹ̀ fúnra mi kí n mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi fún un ní 37 yẹn. A máa gba fọ́ọ̀mù NECO, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí àyè JSS tó wà nítòsí bọ́ lọ́wọ́ wa.