Camry tuntun: ṣé wáráńtì á bàjẹ́ tí mẹkáníìkì ìta bá fọwọ́ kàn án?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Camry 2024 elépo, tí kì í ṣe háíbíríìdì, ni mo rà ní tuntun ní Houston níbí, Uber ni mo sì ń fi ṣe. Díílà, ìyẹn ilé ìtajà Toyota tí mo ti rà á, ní tí mo bá lọ pààrọ̀ ọ́ìlì níta pẹ́rẹ́n, wáráńtì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ló tiẹ̀ wà nínú wáráńtì ọ̀hún?

Èsì
Rárá o. Magnuson-Moss, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí wáráńtì, ti ọdún 1975, kò fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti díílà láyè láti sọ ọ́ di dandan pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan lẹ ti máa ṣe sáfíìsì, àfi tí wọ́n bá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ mẹkáníìkì yín ló ba nǹkan jẹ́, àwọn ni kó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ti Toyota ní Amẹ́ríkà: ọdún 3 tàbí máìlì 36,000 fún éésì, rédíò, wáyà, fèrèsé àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì, jíà àti ọ̀pá tó ń yí táyà, ọdún 5 tàbí 60,000. Kátálítíìkì (èyí tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́) àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, òfin ìjọba àpapọ̀ fún un ní ọdún 8 tàbí 80,000. Èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé ni o. Ẹni tó bá ń sa máìlì 3,000 lóṣù, ọdún kan péré ni ti àkọ́kọ́ máa bá a dé. Búréèkì tó jẹ tán, rọ́bà wáípà àti fíltà kò sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń dáhùn fún táyà.

Èsì
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Máìlì 10,000 tàbí oṣù 12 ni gbogbo èèyàn ń rí nínú ìwé ìtọ́jú. Ẹ ṣí i dé ibi tí wọ́n kọ "special operating conditions" sí, ìyẹn ìlò tó le ju ti gbogbo èèyàn lọ: takisí àti ọkọ̀ tó ń pẹ́ lórí ìdúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn wà níbẹ̀, máìlì 5,000 tàbí oṣù 6 ni tiwọn. Uber wọ ibẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ń dúró de èrò, tí éésì ń ṣiṣẹ́, máìlì kò kúrò lójú kan, ọ́ìlì sì ń gbó.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin ni, ọ́ìlì tí wọ́n kọ 0W-16 sí lára ni kí wọ́n rọ sí i, kwáàtì 4.8 (bíi lítà mẹ́rin àbọ̀) pẹ̀lú fíltà tuntun. Ẹ má gba rìsíìtì tí wọ́n kàn kọ "oil change" sí. Kí wọ́n kọ déètì, iye máìlì, irú ọ́ìlì, iye rẹ̀ àti fíltà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì àti fíltà, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò máìlì ọjọ́ náà.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Tí díílà bá ṣì kọ̀ láti tún un ṣe lórí wáráńtì ńkọ́?

Èsì
Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: nǹkan wo ló bàjẹ́, kí ló sì bà á jẹ́. Ẹ pe Toyota fúnra rẹ̀, nọ́ńbà wà nínú ìwé wáráńtì. Tí kò bá yanjú, ẹ kọ ẹ̀sùn sí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà. Àmọ́ ẹ má fi ToyotaCare, sáfíìsì ọ̀fẹ́ tó ń bá ọkọ̀ tuntun wá, ṣòfò, ọdún 2 tàbí máìlì 25,000 ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, torí inú kọ̀ǹpútà tiwọn gan-an ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ máa wà.