Ẹsẹ̀ ìyá mi ń ta wọ́n lóru: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àtọ̀gbẹ ti ń bá ìyá mi fínra tipẹ́. Ní báyìí, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á máa ta wọ́n bí iná, aṣọ ìbora lásán kò gbọdọ̀ kàn án. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé ẹsẹ̀ kan náà yìí ti kú tipiri. Ìṣó gún wọn lánàá, wọn ò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nílẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀.

Dókítà ní ìrora kì í ṣe oríṣi kan. Tí ọ̀bẹ bá gé èèyàn, ẹnu iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú awọ á gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ: èyí tó yára ló ń mú kó kọ́kọ́ dùn wá wàì, èyí tó lọ́ra ló ń mú kó máa ro wá lẹ́yìn náà. Ti ìyá mi yàtọ̀. Ṣúgà ti ba iṣan fúnra rẹ̀ jẹ́, ó wá ń gbé ìròyìn irọ́. Ìdí nìyẹn tí parasitamọ́ọ̀lù kò fi ràn án.

Amitriptyline tí wọ́n kọ fún wọn dín in kù, ṣùgbọ́n òòyì ń kọ́ wọn láàárọ̀, ẹ̀rù ìṣubú sì ń bà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú rẹ̀, ṣé òòyì yìí máa ń lọ, àbí ká ní kí dókítà pààrọ̀ oògùn? Irú bàtà wo lẹ rà? Báwo ni mo sì ṣe lè bẹ ẹ̀gbọ́n wọn kí wọ́n yéé fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà? Ó lè bó wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.