DAC kò kúrò lórí 48 kHz, ohun yòówù kí n gbọ́

Etígbọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà alágbèéká oní-Windows 11 ni mò ń lò, DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ orin orí kọ̀ǹpútà di ohùn fún amplifáyà) wà lójú USB rẹ̀, wáyà RCA sì ti ibẹ̀ lọ sínú amplifáyà. foobar2000 ni mo fi ń gbọ́ orin, FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kankan dànù, sì ni gbogbo wọn: 16/44.1 (bíìtì 16 ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, a sì wọn ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 44.1 kHz, bíi ti CD), 24/96 àti 24/192. Èyíkéyìí tí mo bá tẹ̀, 48 kHz ni ojú DAC ń kọ. Nígbà tí mo yí i sí 192 nínú Windows, ó ń kọ 192 fún gbogbo wọn, títí kan ti CD. Ti 24/192 tún máa ń já, á ta tà-tà-tà. Bí ṣájà bá sì wà lára kọ̀ǹpútà, ohùn hùùù kan wà lábẹ́ orin. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

WáyàDúdú
Kò sí ohun tó ṣe DAC yín. Windows máa ń da ohùn orin, ti búráúsà àti ti ìkìlọ̀ ímeèlì pọ̀ kó tó tú wọn jáde. Kí wọ́n tó lè dà pọ̀, ó ní láti sọ gbogbo wọn di ìwọ̀n kan náà, èyí tó wà ní Default Format (ibi tí ẹ ti yí i sí 192 yẹn). 192 tí ẹ rí lórí orin CD yẹn, Windows ló fi ìṣirò ṣẹ̀dá rẹ̀. Kò sí nínú fáìlì.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí foobar2000 gba DAC fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ mmsys.cpl. Ní Playback, ẹ yan DAC, kí ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Advanced, kí ẹ sì máàkì àpótí méjèèjì tó wà lábẹ́ Exclusive Mode. Nínú foobar2000, ẹ lọ sí File, Preferences, Playback, Output, kí ẹ yan orúkọ DAC tó ní [exclusive] lára. Ẹ pa ReplayGain (tó ń mú kí ariwo àwọn orin dọ́gba), ẹ má fi DSP (àfikún tó ń yí ohùn padà) kankan sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yí amplifáyà wálẹ̀ o! Ohùn lè bú jáde, torí ìdíwọ̀n ohùn Windows lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Bí YouTube bá sì yadi nígbà tí orin ń lọ, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Agbọ́hùn_Ìbàdàn
Ti tà-tà-tà yẹn, ẹ má tíì ra wáyà olówó ńlá. 24 × 192,000 × 2 (òsì àti ọ̀tún) jẹ́ bíìtì 9,216,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mílíọ̀nù 480 ni USB 2.0 lè gbé. Ọ̀nà kò há rárá.

Driver kan (ètò tí Windows fi ń darí ẹ̀rọ) ló sábà máa ń dá kọ̀ǹpútà dúró, tí orin kò fi dé lásìkò. Ẹ ṣí LatencyMon, ètò tó ń wá irú driver bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, yóò dárúkọ rẹ̀. Wi-Fi ni mo kọ́kọ́ ń fura sí: ẹ pa á, kí ẹ tún gbọ́. Ẹ yọ DAC kúrò lára hub (àpótí tó ń pín ojú USB), kí ẹ fi sí ara kọ̀ǹpútà tààrà. Ẹ pa USB selective suspend (tó ń dá ojú USB dúró láti fi iná pamọ́) nínú Power Options. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe DAC bá ní driver tirẹ̀, òun ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó ṣe wàhálà lórí 24/192, ẹ fi Spek, ètò tó ń ya àwòrán ohùn inú fáìlì, wo fáìlì náà. Bí àwòrán bá gé gbọnrangandan ní nǹkan bí 16 kHz (bí ohùn ṣe ga tó ni kHz ti ibí yìí), MP3 ni wọ́n wọ̀ láṣọ FLAC. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rọ_Ò_Purọ́
Hùùù ni tèmi. Bó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ yọ ṣájà, iná ti rí ọ̀nà méjì gbà dé ilẹ̀, láti ṣájà àti láti amplifáyà. Ẹ ki àwọn méjèèjì bọ inú àpótí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì o, iná lè pa èèyàn.

Bí kò bá lọ, USB isolator (ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀nà iná láàárín kọ̀ǹpútà àti DAC) ni. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá High Speed ni, ìyẹn USB 2.0 oní-mílíọ̀nù 480. Olówó pọ́ọ́kú tó ń lo ṣíìpù ADuM4160 kò kọjá Full Speed, tó lọ́ra ju High Speed lọ. Lórí Full Speed, báìtì 1,023 ni ohùn lè gbà nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, 24/192 sì nílò 1,152.

Etígbọ́
Ẹ ṣé gan-an. 44.1 ti ń hàn. Kí ni kí n fi Default Format sí fún fíìmù àti YouTube?

WáyàDúdú
24-bit, 48 kHz. Ohùn fídíò púpọ̀ jù lọ wà lórí 48.