Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé: báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá àwọn ọmọbìnrin ń wọ girama, tí wọ́n sì ń dúró?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Níbi tí ìjọba bá ti mú owó ilé-ìwé kúrò ní girama ìjọba, rẹ́jísítà máa ń kún fọ́fọ́ lọ́dún kìíní. Tó bá fi máa di kíláàsì kẹta, àwọn ọmọbìnrin á ti dín kù. Báwo la ṣe ń ka iye yìí kó má tan ni jẹ? Bí owó tó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé bá sì kéré, kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe?

Oníṣirò: Ẹ má ka orí nìkan. Ká ní ọmọbìnrin 620 àti ọmọkùnrin 700 ló forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi 700 pín 620, ẹ ó rí 0.89; bí wọ́n bá dọ́gba, 1 ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin tó tó girama lọ ládùúgbò bá jẹ́ 1,000, tí ọmọkùnrin sì jẹ́ 1,050, á jẹ́ pé 62 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ló wọlé, àti 66.7 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin. Iye méjèèjì yìí la ń pín: 0.93 ni. Àlàfo ṣì wà, àmọ́ kò fẹ̀ tó bí orí ṣe fi hàn.

Ọdún kìíní ló ń ṣini lọ́nà jù. Àwọn tí owó ti dá jókòó sílé láti ọdún méjì mẹ́ta á rọ́ wọlé pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èrò yẹn kì í sì padà wá bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì. Nítorí náà, ẹ ya àwọn tó ti dàgbà ju kíláàsì lọ sọ́tọ̀, ẹ yọ àwọn tó ń tún kíláàsì kà, kí ẹ tó fi ọdún kan wé òmíràn. Ohun tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ tẹ̀lé ẹgbẹ́ kan náà. Bí ọmọbìnrin 80 bá jọ bẹ̀rẹ̀, mélòó nínú wọn gan-an ló jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde?

Olùkọ́ Kíláàsì: Ọ̀fẹ́ kì í sábà ju owó ìkọ́ni lọ. Nígbà tí Kenya bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2008, àwọn òbí ló ṣì ń san owó ibùgbé àti oúnjẹ fáwọn tó ń gbé nílé-ìwé. Aṣọ ilé-ìwé, owó ọkọ̀ àti owó ìdánwò náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ ṣí rẹ́jísítà wíwá, ẹ tẹ̀lé ìlà ọmọbìnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dópin. Bó bá ń pa ọjọ́ kan náà jẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ilé tàbí ọjà títà ló sábà ń dá a dúró. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tó tẹ̀ léra lóṣooṣù, ẹ lọ wo ilé ìyàgbẹ́: ṣé ilẹ̀kùn ní ìkọ́ tó ń tì í láti inú, ṣé omi wà, ṣé ibi tí wọ́n ń da páàdì sí wà? Bó bá jẹ́ pé pípẹ́ ló ń pẹ́ dé, ọ̀nà ló jìn. Ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà, láti 2006 ni wọ́n ti ń fún ọmọbìnrin tó bá wọ kíláàsì kẹsàn-án ní owó kẹ̀kẹ́, abúlé tó jìnnà sí girama ni àǹfààní rẹ̀ ti hàn jù.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ká wá pín aṣọ fún gbogbo wọn?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀: Rárá, owó á tán kó tó kan ẹni tó nílò rẹ̀. Ní táàmù tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì ìparí. Lọ́sẹ̀ kejì tí girama bá wọlé, ẹ fi wé rẹ́jísítà tuntun. Ilé àwọn tí ẹ ò rí ni kí ẹ lọ, kí ẹ béèrè ohun tó dá wọn dúró, ibẹ̀ sì ni kí owó lọ.

Bí owó ìrànwọ́ bá wà, ẹ so ó mọ́ wíwá sílé-ìwé. Nígbà tí Bangladesh bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1994, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ wá ní ọjọ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún, kó gba máàkì 45 nínú ọgọ́rùn-ún, kó má sì tíì lọ́kọ, kó tó rí owó náà gbà. Àkáǹtì tirẹ̀ lowó náà máa ń wọ̀ nígbà yẹn.

Ẹ má sì pa orúkọ ẹni tó lóyún rẹ́. Sierra Leone ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ní March 2020, Tanzania ní November 2021. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa padà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ yan olùkọ́ kan tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ náà tó pé.