Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe bíìtì l'Óṣogbo, modular synth wo lẹ ń lò lórí kọ̀ǹpútà?

òròkí_beats

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ṣe bíìtì ní Òkè-Fìà níbí, FL Studio ni mo ti ń lò bọ̀ látọjọ́ yìí, èmi àti ẹ̀ ò níjà. Àwọn kan tó ń ṣe eré orí ìtàgé ló wá gbéṣẹ́ fún mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ ohùn tó máa sọ̀rọ̀ bí dùndún àmọ́ tí kò ní jẹ́ dùndún, kó jọ pé abẹ́ omi ló ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀, torí ìtàn odò ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo kó gbogbo sample ìlù tí mo ní síta, kò sí èyí tó ṣe é. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lórí kìíbọ́ọ̀dù ńṣe ló ń dún gbà gbà gbà bí ẹni tó wá sin owó lẹ́nu ilẹ̀kùn, fífà ohùn yẹn tó máa ń gòkè tó máa ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo wá bọ́ sórí YouTube, mo rí àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fa wáyà kiri lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní modular nìyẹn, synth tí èèyàn ń fi wáyà so ẹ̀yà ẹ̀ pọ̀ fúnra ẹ̀. VCV Rack, Reaktor, Softube Modular, Voltage Modular, orúkọ wọn pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbámú. Lápútọ́ọ̀pù mi Core i5 àtijọ́ ni, RAM 8GB, kò ní graphics card lọ́tọ̀. Owó ò sí o, mi ò sì fẹ́ crack torí kọ̀ǹpútà yìí náà ni mo fi ń jẹun. Iná ẹ mọ bó ṣe ń ṣe. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn ẹ jọ̀ọ́.

bàbá_wáyà

Àbúrò, VCV Rack ni, má wulẹ̀ dààmú ara ẹ. Andrew Belt ló gbé e jáde ní 2017, Rack 2 wá dé ní 2021, ọ̀fẹ́ ni èyí tó ń dá ṣiṣẹ́, kì í ṣe demo. Tó o bá ṣí i tó o sì pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, kò sí ohùn kankan níbẹ̀ o, ìwọ lo máa lọ mú VCO, module tó ń dá ohùn, kó o tó gbọ́ nǹkan, ìwọ lo máa mú VCF tó máa gé ohùn, VCA tó máa gbé e sókè tàbí kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó o wá fi wáyà so wọ́n pọ̀. Bí Moog àti Buchla, àwọn tó ń ṣe synth, ṣe ń ṣe tiwọn pẹ̀lú irin gidi ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1960 náà nìyẹn, àfi pé tìẹ ò ní gba owó kò sì ní gba àyè nínú yàrá.

Bí mo ṣe máa gbé dùndún ẹ kalẹ̀ rèé. Mú SEQ 3, module tó ń rán fọ́ọ̀tì jáde ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ìlà 3 ló ní, ìgbésẹ̀ 8 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kìíní ni kó o fi ohùn sí, àmọ́ má so ó mọ́ VCO tààrà, jẹ́ kó gba inú Slew Limiter ti Befaco kọjá kó tó wọ V/OCT, ihò tí VCO fi ń mọ bí ohùn ṣe máa ga tó. Slew yẹn ni kò ní jẹ́ kí ohùn fò láti dò bọ́ sí mí, ó máa fà á lọ ni. Sine, ohùn tó rọ̀ jù, ni kó o mú jáde lára VCO, gbé e wọ VCA, kí ADSR, module tó ń sọ bí ohùn ṣe máa bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe máa kú, máa ṣí VCA yẹn: Attack kó wà ní odo, Decay kúkúrú, Sustain odo. Trigger tó ń jáde lára SEQ 3 ló máa ta ADSR jí.

Nǹkan kan wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Nínú Rack, fọ́ọ̀tì kan ni octave kan. Semitone kan ò ju nǹkan bíi 0.083V lọ, torí náà tí dò bá wà ní 0V, rè máa wà ní 0.167V, mí máa wà ní 0.333V, ó parí. Knob SEQ 3 gbòòrò ju ìyẹn lọ fíìfíì, tó o bá ń fọwọ́ yí i o ò ní rí i mú láéláé. Right-click kó o fọwọ́ ara ẹ tẹ nọ́ńbà sí i.

Àléébù ẹ̀ ni pé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í wọ inú FL. Pro ló ń ṣe bíi plugin, $149 sì ni. Lo VCV Recorder kó o gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, kó o wá gbé WAV yẹn wọ FL. Èmi ò rí wàhálà nínú ìyẹn, bó o ṣe ń gba àwọn onílù sílẹ̀ náà nìyẹn.

FL_ló_kù

Ẹ̀yin ará ibí yìí ẹ fẹ́ràn ìyọnu o 😂 ọmọ ọlọ́mọ ní òun fẹ́ ohùn tó ń fà, ẹ ti ní kó lọ kọ́ṣẹ́ wáyà.

Bro, ṣí 3x Osc tó wà nínú FL ẹ, fi sine sí ọ̀kan, pa méjì tó kù. Wọ piano roll, tan àmì slide tó ní igun mẹ́ta kékeré yẹn, ya nóòtì slide sókè nóòtì àkọ́kọ́, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà fúnra ẹ̀, bí nóòtì slide yẹn bá ṣe gùn tó ni fífà náà á ṣe pẹ́ tó. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Àmọ́ gbọ́ o, orí àwọn plugin tí FL fúnra ẹ̀ ṣe nìkan ni slide yẹn ti ń ṣiṣẹ́, tó o bá gbé VST, plugin tí ẹlòmíì ṣe, wọlé kò ní dá a lóhùn. Tó o bá tún wá ń wá wáyà dandan, Patcher wà nínú FL yẹn náà, o lè to synth àti effect pọ̀ níbẹ̀ kó o so wọ́n mọ́ra bó ṣe wù ẹ́.

Modular yẹn, lójú tèmi ohun ìṣeré àwọn tí iná ò ṣẹ́ nílé wọn ni. Ẹni tí kọ́sítọ́mà ń dúró dè kò lè máa fi gbogbo òru wá ibi tí wáyà kan já sí.

linux_òṣogbo

Kí òròkí tó lọ gba WAV kiri: Cardinal. VCV Rack náà ni wọ́n mú, wọ́n sọ ọ́ di plugin ọ̀fẹ́, VST3 ó ṣe, CLAP ó ṣe, LV2 ó ṣe. O ò ní dá account sílẹ̀, o ò ní wọ library kankan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo module tó ní wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, dátà tó o máa fi gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà ló parí. SEQ 3 wà níbẹ̀, Befaco wà níbẹ̀. Èyí tí wọn ò bá kó sínú ẹ̀ ni o ò lè fi kún un, ibẹ̀ nìkan ni VCV ti jù ú lọ fún mi. Ní FL, CardinalSynth ni kó o ṣí.

Tí lápútọ́ọ̀pù yẹn bá tiẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, Pure Data wà. Miller Puckette ló ṣe é láti 1996, ojú ẹ̀ ò dáa, àpótí àti ìlà lásán ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ti fẹ̀yìn tì gan á gbé e.

ìyá_kìíbọ́ọ̀dù

Reaktor 6 lèmi ń lò o, mo ra tèmi nígbà tí owó ṣì ní láárí. Ilé iṣẹ́ Native Instruments ní Berlin ló ni ín, Blocks tó wà nínú ẹ̀ látọdún 2015 ló sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè lò láì ya wèrè, torí ṣáájú ìgbà yẹn tó o bá fẹ́ kọ́ nǹkan tìẹ nínú Reaktor o máa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹnjiníà. Ohùn ẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́. Àmọ́ $199, fún iṣẹ́ kan ṣoṣo? Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí ta jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún ti bàbá_wáyà ni pé sine nìkan máa gbẹ, kò ní ní ara. Wá Resonator nínú àkójọ module tó ń jẹ́ Audible Instruments, Cardinal náà ní in. Module irin gidi kan tó ń jẹ́ Rings ni, Émilie Gillet tó ṣe é ló gbé code ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, òun ni wọ́n fi ṣe ti inú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń ṣe ohùn nǹkan tí wọ́n lù tó ń gbọ̀n. Gbé CV, ìyẹn fọ́ọ̀tì tó ń darí ohùn, tó ti gba inú Slew kọjá yẹn wọ V/OCT tiẹ̀ náà, kó o jẹ́ kó máa dún lábẹ́ sine. Ti abẹ́ omi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹn, VCF ni, gé òkè ẹ̀ kúrò dáadáa, kó o wá gbé Plateau ti Valley sí ìkẹyìn, reverb ni. Díẹ̀ o, má rì í.

ọmọ_àyàn

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti òkè bọ̀, ẹ̀rín ń pa mí. Mo ń ṣe bíìtì lóòótọ́ àmọ́ inú ilé ìlù ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ẹ fẹ́ kí gbogbo ohùn máa fà. Dùndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹgó ló máa ń kọ́kọ́ ba awọ, ọwọ́ tó wà lórí ọṣán ló máa wá fún un tàbí kó dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti fà, ìlù ò gbọ́dọ̀ fà, ó máa bọ́ sórí ohùn yẹn tààrà ni. Ẹ lu "ẹ káàbọ̀" lẹ́nu ara yín kẹ́ ẹ wò ó: "ẹ" dúró sí àárín, "káà" bẹ̀rẹ̀ lókè ó wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, "bọ̀" wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹyọ kan ló fà nínú ẹ̀. Tí Slew yín bá ń fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀mùtí lẹ gbé wá kì í ṣe ìlù. Ẹ sì má so ó mọ́ dò rè mí tó le bí ti dùùrù, onílù kan á fún ìlù ẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ, ohun tó ṣe pàtàkì ni kí òkè ga ju àárín, kí àárín ga ju ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gúdúgúdú sí i, ìyẹn ò fà rárá, ẹ yọ Slew kúrò lára ẹ̀.

Ṣaworo ńkọ́? Irin wẹ́wẹ́ tó wà létí ìyáàlù. Kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀.

bàbá_wáyà

@ọmọ_àyàn ẹ ṣeun o, ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ gan lẹ sọ yẹn. Ó ṣe é ṣe ní ìrọ̀rùn. Slew Limiter Befaco ní ihò CV méjì, ti Rise àti ti Fall. Ìlà kejì lára SEQ 3 tí a ò tíì lò, ẹ so ó mọ́ méjèèjì. Ìgbésẹ̀ tí ẹ ò bá fẹ́ kó fà, odo lẹ máa fi síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí Rise àti Fall tó wà lójú module wálẹ̀ pátápátá, ohùn á bọ́ síbẹ̀ kíá. Ìgbésẹ̀ tó bá yẹ kó fà, ẹ gbé fọ́ọ̀tì tiẹ̀ sókè. Ti "káà" yẹn, ìgbésẹ̀ méjì ló máa gbà, òkè àti ìsàlẹ̀, kó jẹ́ pé Trigger àkọ́kọ́ nìkan ló ta ADSR. Lójú SEQ 3 bọ́tìnì kékeré wà lábẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó máa ń pa Trigger ẹ̀, ẹ pa ti ìgbésẹ̀ kejì, kí Decay àti Release gùn díẹ̀ kí ohùn lè gbé méjèèjì.

Ìlà kẹta ẹ fi darí VCF. Ṣaworo, module Noise, VCF tó gé ìsàlẹ̀ kúrò, VCA tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó máa ta pẹ̀lú Trigger kan náà àmọ́ kó kéré gan.

FL_ló_kù

Mo gbà fún ọmọ_àyàn. Piano roll náà lè ṣe é ṣá, nóòtì lásán fún èyí tí kò fà, slide fún èyí tó fà 😏

òròkí_beats

Ẹ ṣé gan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo lo ti FL_ló_kù lákọ̀ọ́kọ́, ó yá lóòótọ́, ó sì fà, àmọ́ àwọn oníṣẹ́ ní ó ṣì ń dún bíi kìíbọ́ọ̀dù. Mo wá gbé Cardinal wọlé, mo to ó bí bàbá_wáyà ṣe sọ, mo fi Resonator ti ìyá_kìíbọ́ọ̀dù sí abẹ́ ẹ̀, ah! Èyí ni wọ́n ń wá! Ìṣòro kan ló kù, tí mo bá fi Plateau sí i tí beat yòókù ń lọ, ó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ nínú hẹ́dífóònù, fáànù lápútọ́ọ̀pù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gbé ìgbésẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ sókè síbí kẹ́ ẹ bá mi gbọ́ ọ.

linux_òṣogbo

CPU ló ń bẹ̀bẹ̀ yẹn. Gbé buffer, àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń múra ohùn sílẹ̀, lọ sí 512 tàbí 1024 nínú audio settings FL, má fi project sórí 96kHz, 44.1kHz ti tó. Yọ Plateau kúrò nínú Cardinal, reverb FL ni kó o lò lórí mixer. Tó o bá ti tò ó tán tó dùn mọ́ ẹ nínú, render ẹ̀ sí WAV kó o sì pa Cardinal, má jẹ́ kó máa ṣí sílẹ̀ títí o fi máa mix. Máa ti window ẹ̀ nígbà tí o ò bá fọwọ́ kàn án, torí yíya àwòrán gbogbo wáyà yẹn náà máa ń jẹ lápútọ́ọ̀pù tí kò ní graphics card.

ọmọ_àyàn

Mo ti gbọ́ ọ. Ìgbésẹ̀ kẹrin ga jù, òkè lo fi sí, àárín ló yẹ kó wà, gbé e wálẹ̀ sí ìtòsí 0.167V yẹn. Bó ṣe wà báyìí nǹkan míì pátápátá ló ń sọ, tí àwọn àgbà bá jókòó síwájú ìtàgé yẹn wọ́n á fi ẹ́ ṣẹ̀sín. Èyí tó kù dáa. Ṣaworo ẹ ṣì pariwo jù.